Orí Keje: Títún Rédíò Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe àti Pípààrọ̀ Rẹ̀

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń ná ojú ọ̀nà Ìbàràpá, láti Èrúwà àti Láńlátẹ̀ dé Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò fún ọdún púpọ̀ kí ó tó wọ Nàìjíríà; àwọn mìíràn sì jẹ́ ọkọ̀ tí a tò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, irú bí Peugeot 504 tí ilé-iṣẹ́ ìtòkọ̀ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú rẹ̀ ní 1975, tí ó sì ń ru ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí jáde láti oko títí di òní. Rédíò inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru, eruku ọyẹ́ àti ojú ọ̀nà gbágungbàgun, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí ó bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Èrò tí a gbé orí yìí kà ni pé nígbà tí rédíò bá dákẹ́ báyìí, kì í sábà jẹ́ pé rédíò gan-an ni ó kú. Ohun tí ó sábà máa ń bàjẹ́ ni ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde, tàbí ọ̀nà tí ìgbì ń gbà wọlé, ẹni tí ó bá sì gé wáyà kí ó tó wọn iná ti sọ àìsàn kan di méjì.

Rédíò ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe lò ó nínú orí yìí, ni odindi ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó wà ní àárín dáṣíbọọ̀dù, ìbáà jẹ́ èyí tí ń gba kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń gba síìdì, tàbí èyí tí ń gba fíláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni iná ń gbà wọ gbogbo wọn.

Bí rédíò ṣe wọ inú ọkọ̀

Ní 1930, ilé-iṣẹ́ Galvin ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ṣe rédíò kan fún ọkọ̀, ó sì pè é ní Motorola, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wá ń jẹ́ nígbẹ̀yìn. Ní 1932, Blaupunkt ṣe ti ara rẹ̀ ní Jámánì. Philips mú kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde ní 1963, ó sì ti wọ inú ọkọ̀ kí àwọn ọdún 1960 tó parí, nígbà tí síìdì wọ ọkọ̀ ní 1984. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohùn rédíò kọ́kọ́ dé ilé àwọn ènìyàn nípasẹ̀ àpótí Rediffusion, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935 tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, ṣùgbọ́n wáyà ni ó ń gbé ohùn wọ inú àpótí náà, kò sì lè bá ọkọ̀ rìn. Ìgbà tí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbilẹ̀, tí ohùn ń gba ojú òfuurufú wá láìsí wáyà, ni rédíò ọkọ̀ tó wúlò fún awakọ̀ tí ń lọ láti ìlú dé ìlú.

Ọ̀nà iná

Bátìrì ọkọ̀ kéékèèké máa ń pèsè iná fọ́ltì 12. Fọ́ltì ni òṣùwọ̀n ipá tí ń ti iná lọ, ámpíà sì ni òṣùwọ̀n bí iná tí ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Bí bátìrì bá yó tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, mítà yóò ka nǹkan bíi 12.6, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ọ́tánétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná láti ara ẹ́ńjìnnì, sì ń bọ́ bátìrì, mítà yóò máa ka láàárín 13.8 sí 14.4. Oníṣẹ́ tí ó bá rí i pé iná bátìrì kò tó 12 kò tíì ní ìdí kankan láti fọwọ́ kan rédíò, nítorí pé ibòmíràn ni àìsàn náà wà.

Wáyà mẹ́ta ni rédíò kò lè ṣe kí ó má ní. Èkíní ni wáyà ìrántí, tí iná máa ń wà lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru, tí ó ń jẹ́ kí rédíò rántí aago àti àwọn ìkànnì tí a ti tọ́jú sínú rẹ̀, tí ó sì tún ń gbé iná tí agbára ohùn ń jẹ nínú ọ̀pọ̀ rédíò òde òní. Èkejì ni wáyà kọ́kọ́rọ́, tí iná kì í dé orí rẹ̀ àfi bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ipele àkọ́kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí rédíò. Ẹ̀kẹta ni ẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí ẹnu nẹ́gátíìfù bátìrì, tí àwọn réwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, máa ń so mọ́ irin ara ọkọ̀ nítorí pé a ti so irin náà mọ́ ẹnu nẹ́gátíìfù tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àwọn rédíò tí a ń tà lọ́jà lónìí, wáyà ìrántí jẹ́ yẹ́lò, ti kọ́kọ́rọ́ jẹ́ pupa, ẹ́ẹ̀tì jẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n àwọ̀ wáyà tí ó ti ara ọkọ̀ wá lè yàtọ̀ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Fíúsì ni òwú irin tín-ín-rín inú ike tí a dìídì ṣe pé kí ó já bí iná tí ń kọjá bá ti ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, kí wáyà tí ó gùn lẹ́yìn rẹ̀ má baà gbóná débi pé yóò gbiná. Ti rédíò sábà máa ń jẹ́ ámpíà 10 tàbí 15, ọ̀kan a wà nínú àpótí fíúsì ọkọ̀, òmíràn a wà lẹ́yìn rédíò fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fíúsì tí ń ṣọ́ wáyà kọ́kọ́rọ́ rédíò náà ni ó ń ṣọ́ ojú ihò tí a fi ń tan sìgá, tí àwọn awakọ̀ ń ki ṣájà fóònù bọ̀. Bí ṣájà tí kò dára bá wá já fíúsì yìí, rédíò àti ihò náà yóò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ṣájà ṣì ń gba iná kí ó tó ronú nípa ohunkóhun mìíràn. Fífi òwú kọ́pà tàbí bébà dídán inú páálí sìgá dí ààyè fíúsì tí ó já jẹ́ àṣà tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bá ẹnikẹ́ni dá, nítorí pé láti ọjọ́ tí a bá ti ṣe é ni wáyà inú dáṣíbọọ̀dù ti di fíúsì, bí ó bá sì tó àkókò láti já, iná ni yóò fi já.

Àyẹ̀wò kí a tó tú nǹkan

Ìbéèrè ni àyẹ̀wò fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí rédíò bá dákẹ́ ní ọjọ́ tí a pààrọ̀ bátìrì, ó ṣeé ṣe kí ó máa bèèrè nọ́ńbà àṣírí, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú. Bí ó bá ń kú tí ó sì ń jí nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, plọ́ọ̀gù tí kò wọlé dáadáa tàbí ojú lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin tí a ń yọ́ fi so wáyà, tí ó ti sán nínú rédíò ni a ó fura sí. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ dáadáa ní ohùn kékeré tí ó sì ń kú ní kété tí a bá gbé ohùn sókè, iná kò tó o, ẹ́ẹ̀tì ni ó sì sábà máa ń fà á. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá dákẹ́, wáyà sípíkà tí ó gba ojú ìdè ilẹ̀kùn ti lè já nítorí ṣíṣí àti pípa ilẹ̀kùn láti ọdún wá.

Lẹ́yìn ìbéèrè, mítà ni ó kàn. A ó yí i sí fọ́ltì bátìrì, lórí ìwọ̀n 20, a ó fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan irin ara ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà, a ó sì fi ẹnu pupa kan ojú wáyà ìrántí nínú plọ́ọ̀gù. Ó gbọ́dọ̀ ka nǹkan bíi 12 láìsí kọ́kọ́rọ́ lójú ihò. Ojú wáyà kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ ka òdo, kí ó sì fò sókè sí 12 bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí méjèèjì bá pé, ẹ́ẹ̀tì ni ó kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣìnà.

Ẹ́ẹ̀tì tí ó ti jẹrà lè tan mítà jẹ. Mítà kì í fa iná tí ó tó nǹkan, nítorí náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ òwú kan ṣoṣo ni ó kù nínú wáyà tí ó ti dípẹtà, mítà yóò rí ọ̀nà gbà, yóò sì ka iye tí ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò bá fẹ́ fa ámpíà márùn-ún, òwú kan yẹn kò lè gbé e. Ọ̀nà tí ó dájú ni kí rédíò máa ṣiṣẹ́ ní ohùn òkè, kí a fi ẹnu kan mítà kan ara irin rédíò, kí a fi ẹnu kejì kan ẹnu nẹ́gátíìfù bátìrì gan-an: bí mítà bá ka ju 0.2 lọ, ẹ́ẹ̀tì náà kò pé, bí ó bá sì ka odidi fọ́ltì kan, kò sí ẹ̀rí mìíràn tí a tún ń wá. Iná tẹ́sítà tí àwọn réwáyà Igbó-Ọrà àti Èrúwà ń lò, ìyẹn gílóòbù ọkọ̀ tí a so wáyà méjì mọ́, sàn ju mítà olówó iyebíye lọ níhìn-ín, nítorí pé gílóòbù wọ́ọ̀tì 21 ń fa nǹkan bíi ámpíà 1.75, wáyà tí kò bá lè tan án dáadáa kò lè gbé rédíò. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀wọ̀ fún irinṣẹ́ yìí, kí ó sì mọ ìdí tí ó fi dára. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni pé a kò gbọdọ̀ fi í kan wáyà yẹ́lò tó nípọn tí ó ń kọjá lábẹ́ sitiarín nínú ọkọ̀ tí ó ní báàgì afẹ́fẹ́, nítorí pé iná tí gílóòbù náà ń fa tó láti mú báàgì náà bẹ́.

Sípíkà ni a ó yẹ̀ wò tẹ̀ lé e. Óòmù ni òṣùwọ̀n ìdènà tí iná ń bá pàdé lójú ọ̀nà, sípíkà ọkọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ óòmù 4, èyí tí mítà yóò kà sí láàárín 3.2 sí 3.8. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, wáyà inú sípíkà ti já. Bí ó bá ka òdo, wáyà méjì ti kan ara wọn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì fọ́ltì 1.5 tí a bá fi kan ẹnu sípíkà ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò mú kí bébà rẹ̀ fò síta tàbí wọlé, yóò sì dún pọ́; èyí tí ó bá fò síta fi hàn pé pọ́sítíìfù bátìrì wà lórí pọ́sítíìfù sípíkà.

Nínú rédíò òde òní, wáyà méjèèjì tí ń lọ sí sípíkà ni ó ní iná lórí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dúró ní nǹkan bí ìdajì fọ́ltì bátìrì, nítorí pé ẹ̀rọ agbóhùnga inú rẹ̀ ń ti sípíkà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fún ìdí yìí, a kò gbọdọ̀ so nẹ́gátíìfù sípíkà mọ́ ara ọkọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn ọdún 1970 ni a fi wáyà kan ṣoṣo gbé ohùn dé sípíkà, tí ara ọkọ̀ sì jẹ́ ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá so rédíò tuntun mọ́ irú wáyà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ láìfa wáyà méjì tuntun dé ìdí sípíkà kọ̀ọ̀kan yóò jó rédíò náà ní ọjọ́ tí ó rà á.

Ìgbì, ẹ́ríà àti ibi tí Ìbàràpá wà

Rédíò lè ní iná, kí ó ní ohùn, kí ó má sì gbọ́ ìkànnì kankan. Ìgbì FM máa ń rìn gbọọrọ bí ìmọ́lẹ̀, òkè àti àpáta ń dí i, bí ilẹ̀ ayé ṣe rí roboto náà sì ń bò ó: òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí ó ga ní mítà 150 lórí ilẹ̀ títẹ́jú yóò dé nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 55 kí ohùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Awakọ̀ tí ó bá kúrò ní Ìbàdàn gba ọ̀nà Èrúwà ń lọ síbi tí ìgbì Amúlùdùn 99.1 ní Mọ́níyà, Premier 93.5, Splash 105.5 àti Fresh 105.9 ti ń rẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ìkànnì Abẹ́òkúta, irú bí Paramount 94.5 àti Rockcity 101.9, ń sún mọ́ ọn bí ó ṣe ń wọ Igbó-Ọrà. Nítorí náà, ẹ́ríà tí ó dára, ìyẹn ọ̀pá tí ń gba ìgbì wọlé, ṣe pàtàkì ní Ìbàràpá ju bí ó ṣe ṣe pàtàkì ní àárín Ìbàdàn, níbi tí òwú wáyà lásán lè gba ohùn tí ó mọ́.

Gígùn ẹ́ríà kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà. Ìgbì ìkànnì 99.1 gùn ní nǹkan bíi mítà 3, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76, èyí tí ó jẹ́ ìdí tí ọ̀pá ẹ́ríà ọkọ̀ àtijọ́ fi sábà máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi kùkùté ike tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ rọ́pò rẹ̀ ti ta ìkànnì méjì tàbí mẹ́ta dànù. Láti yẹ ẹ́ríà wò, a ó yọ plọ́ọ̀gù rẹ̀ lẹ́yìn rédíò, a ó sì fi mítà wọn láti orí ọ̀pá dé abẹ́rẹ́ àárín plọ́ọ̀gù: ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, láti abẹ́rẹ́ àárín dé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan rárá. Àyẹ̀wò yìí wà fún ọ̀pá tí kò ní ẹ̀rọ nínú. Nínú Volkswagen Golf àti àwọn ọkọ̀ Yúróòpù mìíràn tí ẹ́ríà wọn wà lórí òrùlé, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gbé ìgbì ga wà ní ìdí ẹ́ríà náà, ó sì ń fẹ́ fọ́ltì 12 láti ọ̀dọ̀ rédíò. Bí a bá pààrọ̀ rédíò tí a kò sì fi wáyà búlúù ẹ̀yìn rédíò fún ẹ̀rọ yìí ní iná, ìkànnì tí ó súnmọ́ nìkan ni yóò máa gbà, wọn yóò sì máa dá rédíò tuntun lẹ́bi.

Ibi tí a ti ṣe rédíò náà tún ń sọ ohun tí yóò lè gbọ́. Ní Nàìjíríà, FM wà láàárín 88 sí 108. Rédíò tí a ṣe fún Amẹ́ríkà máa ń fò ní ìwọ̀n 0.2, láti 88.1 sí 88.3 sí 88.5, kò sì ní bá àwọn ìkànnì tí a dárúkọ lókè ní ìṣòro, nítorí pé gbogbo wọn ni ó fi nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì parí. Lórí AM, ọ̀rọ̀ yí padà: Amẹ́ríkà ń fò ní ìwọ̀n 10, Áfíríkà àti Yúróòpù ń fò ní ìwọ̀n 9, ìkànnì 756 tí a mọ̀ mọ́ Radio O.Y.O. láti ìgbà pípẹ́ kò sì sí lórí rédíò tí ń fò láti 750 sí 760. Ọ̀pọ̀ rédíò ní ibi tí a ti lè yí agbègbè padà, ó sì yẹ kí a wá a kí a tó sọ pé ẹ̀rọ kò dára.

Rédíò tí a tú lára ọkọ̀ Japan ni ó ní ìṣòro jù, nítorí pé FM àtijọ́ ti ibẹ̀ wà láàárín 76 sí 90. Àwọn oníṣòwò máa ń fi àpótí kékeré kan há àárín ẹ́ríà àti rédíò, tí yóò fa gbogbo ìgbì wá sí ìsàlẹ̀, bóyá ní ìwọ̀n 14, tí Amúlùdùn yóò fi hàn ní 85.1 tí Premier yóò sì hàn ní 79.5, ṣùgbọ́n Splash, tí yóò bọ́ sí 91.5, ti kọjá ibi tí rédíò náà lè dé. Ẹni tí ó ń ra irú rédíò bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú kò rí odindi rédíò rà.

Títún ti àtijọ́ ṣe

Bí iná, sípíkà àti ẹ́ríà bá pé, inú rédíò ni a ó wọ̀. Nínú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tí ń yí i máa ń le tàbí kí ó yọ́, ojú orí tí ń ka téèpù sì máa ń di dúdú. Òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì yóò nu èkejì, rọ́bà tuntun ni ó sì ń wo èkíní. Eruku pupa ni ọ̀tá síìdì, ó máa ń bo gíláàsì kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kà á, a sì gbọ́dọ̀ nu gíláàsì náà jẹ́jẹ́. Bọ́tìnnì ohùn tí ń hán máa ń gba oògùn tí a fi ń fọ inú rẹ̀. Ojú lẹ́ẹ̀dì tí ó ti sán ní ìdí plọ́ọ̀gù ńlá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun jó, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìwárìrì ọkọ̀ ń dé sí.

Nọ́ńbà àṣírí jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Láti dá olè lẹ́kun, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Yúróòpù ṣe rédíò tí ń tì pa bí iná bá ti kúrò lórí wáyà ìrántí rẹ̀, tí yóò wá kọ CODE tàbí, nínú Volkswagen, SAFE, títí a ó fi tẹ nọ́ńbà mẹ́rin wọlé. Nọ́ńbà náà lè wà nínú ìwé ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tòkunbọ̀ kì í sábà bá ọkọ̀ dé Ìbàràpá. Kíkì nọ́ńbà bọ̀ ọ́ láìronú ń mú kí ó tún tì pẹ́ sí i. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ bèèrè nọ́ńbà yìí kí ó tó yọ ẹnu bátìrì. Bí kò bá sí, tí ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì rí i gbà lọ́dọ̀ àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, pípààrọ̀ ni ó bọ́gbọ́n mu.

Pípààrọ̀

Ìwọ̀n ojú rédíò kì í ṣe ohun àkànṣe fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n DIN, tí ó ti Jámánì wá tí ó sì di ti àgbáyé, ni mìlímítà 180 ní fífẹ̀ àti 50 ní gíga. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 180 àti 100. Ààyè Toyota sábà máa ń fẹ̀ tó 200, nítorí náà rédíò DIN yóò fi àlàfo sílẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì tí a ń fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ dí. Nínú Toyota, rédíò ni a fi bóòtì dè lẹ́yìn ike dáṣíbọọ̀dù, sípánà 10 ni ó sì ń tú u. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, ihò kéékèèké wà lójú rédíò tí a ń ki irin bọ̀, sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí a tẹ̀ dáadáa sì lè ṣe iṣẹ́ náà láìfi sukudiráfà ya ike.

Ohun tí ó ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni gígé plọ́ọ̀gù tí ó bá ọkọ̀ wá. Oníṣẹ́ a fi púláyà gé e, a fi eyín bó ara wáyà, a lọ́ wọn pọ̀, a sì fi téèpù dúdú wé wọn. Nígbà tí oòrùn bá mú dáṣíbọọ̀dù gbóná, gọ́ọ̀mù téèpù náà a yọ́, a sún kúrò, wáyà a sì kan wáyà. Ẹni tí yóò tún ṣí i lọ́dún márùn-ún sí i yóò bá ìdì wáyà tí kò ní orúkọ. Wáyà àárín, tí ẹnu kan rẹ̀ bá plọ́ọ̀gù ọkọ̀ mu tí ẹnu kejì sì bá rédíò tuntun mu, kò wọ́n, a sì lè rí i ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Agodi-Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládipọ̀ àti Alábà ní Èkó. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí owó ìjàǹbá iná tí ó ń dènà.

Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà hàn kedere nínú Toyota àwọn ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2000: wáyà ìrántí jẹ́ búlúù tí ó ní ilà yẹ́lò, ti kọ́kọ́rọ́ jẹ́ àwọ̀ eérú, ẹ́ẹ̀tì jẹ́ búráùn, nígbà tí wáyà dúdú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á yára so mọ́ ẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ti sípíkà ẹ̀yìn apá òsì. Oníṣẹ́ tí ó so dúdú mọ́ dúdú ti fi ẹnu agbóhùnga kan ara ọkọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ Yúróòpù, plọ́ọ̀gù ISO ni ó wọ́pọ̀, pẹ̀lú apá kan fún iná àti apá kan fún sípíkà. Lórí apá iná, ojú kẹrin ni ìrántí, ojú keje ni kọ́kọ́rọ́, ojú kẹjọ ni ẹ́ẹ̀tì. Volkswagen kan wà tí ojú kẹrin àti keje ti gba ipò ara wọn, àmì rẹ̀ sì ni pé rédíò tuntun ń gbàgbé aago àti ìkànnì ní gbogbo ìgbà tí a bá pa ọkọ̀. Wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ rédíò tí kò ṣe nǹkan kan padà fún olùtà nítorí ọ̀ràn yìí.

Láti yẹra fún wàhálà náà, àwọn kan máa ń lọ́ wáyà yẹ́lò àti pupa pọ̀ mọ́ iná tọ̀sán tòru. Rédíò yóò rántí, ṣùgbọ́n kì yóò sùn. Ọkọ̀ tí ó wà ní ìdúró kò yẹ kí ó fa ju ìdá kan nínú ogún ámpíà lọ. Bí rédíò tí a so báyìí bá ń fa ìdajì ámpíà, bátìrì ámpíà-wákàtí 45 yóò gbẹ pátápátá ní wákàtí 90, ẹ́ńjìnnì yóò sì ti kọ̀ láti jí kí ó tó di ìgbà náà. Ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín ń gbé jáde ní ọjọ́ ọjà nìkan kò lè la ọjọ́ ọjà kan sí èkejì já.

Ní ti agbára tí a kọ sára páálí, ìṣirò ni yóò gba olùrà sílẹ̀. Bí iná ọkọ̀ bá jẹ́ fọ́ltì 14.4 tí sípíkà sì jẹ́ óòmù 4, ohùn tí ó mọ́ kò lè ju ìlọ́po ara 14.4 tí a fi 8 pín, ìyẹn nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 26 fún sípíkà kan. Bí a bá fi 4 pín in dípò 8, yóò di nǹkan bíi 52, èyí ni ó sì bí “50 lọ́nà mẹ́rin” tí a ń rí lára páálí: ìgbà tí ohùn bá ti ya pátápátá nìkan ni ó ń dé ibẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí rédíò inú dáṣíbọọ̀dù lè jù bẹ́ẹ̀ lọ láìní ẹ̀rọ agbóhùnga ọ̀tọ̀, iye yòówù kí wọ́n kọ.

Ìdájọ́ lórí títúnṣe tàbí pípààrọ̀ wá sinmi lé ohun tí àyẹ̀wò bá fi hàn. Rédíò tí ó bá ọkọ̀ wá sábà máa ń gba ìgbì jìnnà ju rédíò pọ́ọ́kú tí ń gba fíláàṣì lọ, nítorí pé àwọn tí ó ṣe èkejì fi owó wọn sí ojú dídán. Fún awakọ̀ tí ń ná Èrúwà sí Tápà tí ó sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn Yorùbá lọ́nà, títún ti àtijọ́ ṣe ni ó sàn. Ẹni tí ó ń gbọ́ orin láti inú fóònù nìkan lè pààrọ̀ láìbẹ̀rù, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ kékeré tí ń wọ ihò ìtanná sìgá ránṣẹ́ sí rédíò rẹ̀ lórí ìkànnì FM tí ó ṣófo. Kí a tó ti rédíò wọlé, a gbọ́dọ̀ dán sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tan iná ọkọ̀, kí a gbé ohùn sókè pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́, kí a sì rí i pé wáyà kankan kò há sí ara irin gbígbóná ẹ̀yìn rédíò.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Rédíò Corolla 1999 kan ń kú nígbà tí a bá gbé ohùn sókè; wáyà ìrántí ka 12.5, mítà láti ara rédíò dé nẹ́gátíìfù bátìrì sì ka 1.3 nígbà tí rédíò ń ṣiṣẹ́: níbo ni àìsàn náà wà, kí ni a kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀? Àpótí tí ń fa ìgbì wálẹ̀ ní ìwọ̀n 12 ni a fi sí rédíò Japan tí ó wà láàárín 76 sí 90: èwo nínú àwọn ìkànnì Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí a dárúkọ nínú orí yìí ni yóò sọnù? Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán wáyà méjìlá rédíò kan, ìyẹn mẹ́ta ti iná, ọ̀kan ti ẹ́ríà, mẹ́jọ ti sípíkà, láti inú ọkọ̀ kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó kọ àwọ̀ tí ó bá lára ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan àti iye tí mítà kà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.